Àmì Ohùn Tó Bọ́ Lára Ọ̀ọ́dúnrún Ife

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán o, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń polówó ọjà lórí ayélujára.

1.
Títílọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, níbi tó ti ń tẹ orúkọ àti àwòrán sára ife, abẹ̀bẹ̀ àti báàgì fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Ó mọṣẹ́, a ò lè parọ́ mọ́ ọn. Dùgbẹ̀ ló ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ Alhaja Sẹ̀kínátù, òfin kan ṣoṣo sì ni ìyá náà fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gba òmìnira: tẹ ẹyọ kan ná, gbé e fún ẹni tó ni iṣẹ́, kí ó fi ẹnu kà á sókè kí o tó tẹ ìyókù.

Àmọ́ ara Títílọpẹ́ kì í balẹ̀. Bí kò bá tíì gbé iṣẹ́ tuntun sórí Fesibúùkù kí ọ̀sán tó pọ́n, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Prosper, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní òdìkejì títì, ló dá kún un. Bí Prosper bá gbé fídíò jáde láàárọ̀, Títílọpẹ́ á ti yọjú wo iye ẹni tó wò ó tó ìgbà mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú.

2.
Ní ọjọ́ Ajé kan, Olúwatóyìn wọlé láti Akóbọ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, àwọn náà sì ni Ìyá Àdúrà ní ìjọ Aládùúrà wọn. Ọ̀ọ́dúnrún ife ni wọ́n fẹ́. Màmá ti fọwọ́ ara wọn kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà: Ọpẹ́ fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún.

Olúwatóyìn ní kí Títílọpẹ́ má bínú, màmá òun kì í fi àmì ohùn ṣeré rárá. Ó ní bí iṣẹ́ náà bá dára, Títílọpẹ́ ni ìjọ máa gbé gbogbo iṣẹ́ àpéjọ ọdún wọn fún, ti gbogbo ẹ̀ka pátá. Nígbà tó lọ tán, Títílọpẹ́ ò lè jókòó. Iṣẹ́ tó máa gbé e kúrò ní Agbowó lọ sí Ring Road ló dé yẹn, ó sì ti ń fojú inú wo bí ojú Prosper á ṣe rí.

3.
Ní Ọjọ́bọ̀, Prosper gbé fídíò abẹ̀bẹ̀ kan jáde, èrò sì ya bò ó. Títílọpẹ́ ní dandan ni kí òun fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ti rí irú lẹ́tà kan tó lẹ́wà, tí òdòdó kékeré wà lórí “i” rẹ̀. Gbogbo àmì ohùn yòókù ló bọ́ sí àyè wọn, àfi ti orí “i” méjèèjì inú “ìbí”. Bí ó bá fi àmì síbẹ̀, òdòdó á bàjẹ́. Bí ó bá fi òdòdó sílẹ̀, kò sí àyè fún àmì. Òdòdó ló mú.

Wándé, ọkọ rẹ̀ tó máa ń bá a dúró sídìí ẹ̀rọ, dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Títí, jẹ́ ká gbé ẹyọ kan lọ fún Màmá ná.”

“Kí wọ́n tó kà á tán, Prosper á ti lọ jìnnà. Ta ló ń wo àmì lára ife?”

Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó tutù, ó ti ya fídíò, ó sì ti gbé e jáde.

4.
Àwọn ènìyàn wò ó lóòótọ́. Láàárín wákàtí méjì, ó ti kọjá ti Prosper, inú Títílọpẹ́ dùn, ó ń rìn sókè sódò nínú ṣọ́ọ̀bù. Àfi bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Theophilus, tí Màmá kọ́ nílé ìwé nígbà kan, ṣe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ṣé ọjọ́ ibi náà là ń dúpẹ́ fún báyìí?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Títílọpẹ́ yára pa fídíò náà rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti dé orí Wasáàpù ìjọ. Ó gbé ife kan, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé òmíràn, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn á ṣèèṣì ní àmì.

5.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá fúnra wọn wọlé pẹ̀lú Olúwatóyìn. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú ife kan, wọ́n nà án sí Títílọpẹ́.

“Kà á fún mi.”

“Ọpẹ́ fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, mà.”

“Ohun tó wà lọ́kàn ẹ lo kà yẹn. Ka ohun tí o kọ.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ẹnu kà á bó ṣe wà. “Ọpẹ́ fún ọjọ́ ibi...” Ó gbé ife náà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní òun á tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá fà á dìde. “Ọjọ́ tí mo pé àádọ́ta ni bàbá Olúwatóyìn ṣaláìsí. Kéèkì ṣì wà lórí tábìlì. Láti ogún ọdún, mi ò ṣe ọjọ́ ìbí kankan. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi sọ ọjọ́ ibi yẹn di ọjọ́ ìbí padà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ó ti ṣe é ni. Ìwọ wá kọ ọ́ padà fún mi, o tún fi òdòdó sí i.”

Wọ́n lọ, wọn ò mú ife kankan. Prosper ni ìjọ gbé iṣẹ́ àpéjọ fún. Àwọn ará Agbowó sọ ṣọ́ọ̀bù Títílọpẹ́ ní “Ọjọ́ Ibi”, ta ni yóò sì wá tẹ ife ìkómọ níbẹ̀? Oṣù mẹ́fà ò pé tó fi ti ilẹ̀kùn. Dùgbẹ̀ ló wà báyìí, ó ti padà sọ́dọ̀ Alhaja. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni pé kó máa fi ẹnu ka gbogbo ọ̀rọ̀ sókè kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ìkìlọ̀ rèé o. Ẹ má tìtorí àtipolówó kánjú lórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn fi síkàáwọ́ yín. Ẹ gbé e fún un, kí ó kà á, nítorí ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kó tó kọ ọ́. Ọ̀ọ́dúnrún ife yẹn ṣì wà nínú páálí nílé Títílọpẹ́ títí dòní. Kò rí ẹni tó máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ò sì lè fi mu omi.