Àwọn Ẹja Tó Mọ Ìlà Tò

"Dádì, ṣé ó máa ń rẹ ẹja?"

Tess, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀. Dell, bàbá rẹ̀, wo Lorna, ìyàwó rẹ̀. Lorna wo ẹyin tó ń dín.

"Jẹun rẹ," ni Lorna wí. "Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja ń bọ̀ lónìí."

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú ní Wyoming láti ọdún tó kọjá. Adágún Tully, tí wọ́n sé nítorí omi oko, tó sì kún fún ẹja tíráùtù nígbà kan, ti fà sẹ́yìn títí ó fi kù bí ọ̀gọ̀dọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ ojú omi sódò ti di ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ìjọba ti ti adágún méjì pa ládùúgbò náà nítorí apẹja pọ̀ ju ẹja lọ. Bí wọ́n bá ti Tully náà, ṣọ́ọ̀bù tí Dell ti ń ta ìwọ̀ àti kọfí á kógbá sílé, wọn á sì kó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Denver, nínú yàrá abẹ́ ilé kan tí kò ní fèrèsé. Lorna ti lọ wo yàrá náà. Láti ọjọ́ náà, bí Tess bá wúkọ́ báyìí, Lorna a rántí ọ̀rinrin ara ògiri ibẹ̀.

Wọ́n ń sa gbogbo ipá wọn. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nílé mọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá Dell ni wọ́n ń lọ. Ìgò omi dídì kún inú fírísà débi pé ẹran àgbọ̀nrín ò ráyè. Dell ló ń kọ́kọ́ dé adágún láàárọ̀, tòun ti korobá, òun náà ló sì ń kẹ́yìn níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Òfin Tully ò le: bí o bá mú ẹja, dá a padà. Àṣà wọn níbẹ̀ náà nìyẹn. Èèyàn á wakọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, á fa ẹja kan, á bá a ya fọ́tò, ẹlòmíràn a tiẹ̀ fẹnu kò ó lẹ́nu, wọn á sì ní kó máa lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ọ̀gá tí wọ́n ń retí, ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀ ni ọ̀pá ìpẹja Orrin tẹ̀ kọdọrọ. Orrin jẹ́ awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Lorna sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù.

"Ẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bomi."

"Mo ti ń pẹja kí wọ́n tó bí ẹ, Lorna."

"Mo mọ̀. Ẹ ki ọwọ́ bomi."

"Ìyá tó bí mi gan-an ò ṣọ́ mi tó báyìí."

Pruitt wọn ẹja náà, wọ́n dá a padà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, obìnrin kan láti Casper fa tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó wọ bàtà tuntun. Ìyàwó rẹ̀ yà á ní fọ́tò, ó ní kó dúró kí àwọn tún un yà, nítorí ó dijú.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹja náà ò lè mí," ni Lorna wí.

"Ẹyọ kan péré sí i ni, màdáàmù."

"Ó dáa. Kí ẹ̀yin náà má mí títí ẹ ó fi yà á tán."

Ọkùnrin náà sọ ẹja somi kíá.

"Ṣé ẹ rí àwọn ẹja ibí yìí?" ni Orrin sọ fún Pruitt. "Wọ́n mọ ìlà tò. Èyí tó wà lẹ́yìn kì í já lu tiwájú. Ẹ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ wa, ẹ ó rí i pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ jù wá lọ."

"Wọ́n tún dọ́gba," ni Pruitt wí. "Ọdún kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn. Ọdún yẹn á dáa gan-an ni."

"Ìrù wọn tó ya lápá kan ńkọ́?"

"Àmì ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja nìyẹn. Wọ́n ń gé e fún wọn kí wọ́n tó dà wọ́n somi."

Dell wo bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, kò sí apẹja kan tí kò tíì mú ẹja. Pruitt dìde, ó bọ Dell lọ́wọ́.

"Mi ò rí irú èyí lọ́dún yìí," ló wí. "Títì kọ́ ló kàn. Ẹja ti pọ̀ ju omi yìí lọ, oúnjẹ ò ní tó wọn. Láti ọ̀la lọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú ẹyọ kan lọ sílé."

Àwọn èèyàn ń ju fìlà sókè. Orrin ti ń wádìí kiri bóyá bọ́tà ló dáa láti fi dín in ni àbí òróró. Lorna jókòó sórí ẹrẹ̀, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un," ni Pruitt wí.

Ilẹ̀ ṣú. Tess ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìwẹ̀, kò sì jáde àfìgbà tí ìyá rẹ̀ ṣèlérí fún un pé ẹnikẹ́ni nínú ilé ò ní lọ sí adágún lọ́la.

"Kí la máa sọ fún àwọn apẹja?" ni Dell béèrè.

"Pé ẹja ò jẹ ìwọ̀."

"Lọ́tùnla ńkọ́?"

Lorna fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ òtútù Tess sínú rẹ̀.

"Ṣé báàfù wà nílé àbúrò rẹ?"

"Ó wà," ni Dell wí. "Ó tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju tiwa lọ."

Nígbà tó yá, Tess sùn, Dell sùn, Lorna lọ pààrọ̀ ìgò omi dídì, ó pa iná ilé ìwẹ̀, òun náà sì sùn, gbogbo ilé wá pa rọ́rọ́, títí kan ẹja tó wà nínú báàfù, ẹyọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ní Adágún Tully, tí gbogbo àwọn apẹja ti ń fà láti àárọ̀.