Ẹni tí Kò Ní Dọ̀bálẹ̀

"Dọ̀bálẹ̀! Mo ní kí o dọ̀bálẹ̀!"

Kóòṣì ló ń pariwo láti ojú fèrèsé ọkọ̀ Píjò tó ń tẹ̀ lé eléré kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti Ìkòtún. Aago nìkan ni eléré náà ń bá díje, síbẹ̀ inú bí i burúkú. Láti ìjẹta tó ti bú kóòṣì ni wọ́n ti ń ní kó lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sì ti kọ̀ jálẹ̀. Ṣé níṣojú gbogbo Ìdímù ló wá fẹ́ fipá gbà á ni?

"Mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún yín láéláé! Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́ jàre!"

Ó na ẹ̀yìn ró ṣánṣán. Ìrù ṣóńṣó akoto rẹ̀, tó yẹ kó sùn lé e lẹ́yìn, dìde sókè. Afẹ́fẹ́ gbá a láyà.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni ife ẹ̀yẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí ìdíje parí sí.

"Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́!" ló fi pàdé kóòṣì.

Àgbàlagbà náà ṣí fìlà, ó nà gbalaja sórí títì níwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó tẹ̀ ba lórí kẹ̀kẹ́, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dìde, bàbá! Èèwọ̀ ni!" làwọn èèyàn ń ké.

"Afẹ́fẹ́ ni mo ní kí o dọ̀bálẹ̀ fún," ó wí láti ilẹ̀, kò sì dìde.