Omi Tí Bísíríyù Dà Nù Lórí Ọ̀sà

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ di ẹnìkan sínú.

Ní ọdún 1956, Bísíríyù, ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú, fẹ́ fi Ṣẹ̀rífátù ṣaya. Ọmọbìnrin náà kọ̀ ọ́, ó fẹ́ Tàjùdéèn, ẹni tí Bísíríyù fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní ọkọ̀ títù. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, Bísíríyù bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó búra nínú ara rẹ̀ pé òun máa gbẹ̀san.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí omi ọ̀sà apá Ìkòròdú níyọ̀, ó ní kí Tàjùdéèn wá bá òun gbé páànù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Inú Tàjùdéèn dùn. Ó rò pé ìjà ti parí. Kí wọ́n tó ṣíkọ̀, Bísíríyù mu omi títí ikùn rẹ̀ fi yọ, lẹ́yìn náà ló yọ́ da omi inú akèrègbè wọn nù. Lérò tirẹ̀, èyí tí òun mu á gbé òun dé Ẹ̀pẹ́, òùngbẹ á sì lu Tàjùdéèn bolẹ̀ níṣojú òun.

Ẹ̀yin ará, ara èèyàn kì í ṣe àmù. Ìwọ̀n omi tó bá nílò ló ń dá dúró, ìyókù á bá ìtọ̀ lọ. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Bísíríyù fi tọ èyí tó fi ṣe ọgbọ́n sínú ọ̀sà.

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Páànù ń ta ooru sí wọn lójú. Tàjùdéèn gbé akèrègbè, ó ṣófo. Ó rẹ aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀sà, ó fi bo orí, ó sì bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí àwọn sinmi lábẹ́ òjìji ìgbòkun. Bísíríyù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọkọ ìyàwó ti rọ. Tàjùdéèn sinmi síbẹ̀, Bísíríyù ń tukọ̀ lọ, òógùn ń dà lára rẹ̀ bí òjò. Òógùn yẹn ni ara fi ń lé ooru jáde. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, orí ń fọ́ ọ, kò gbọ́. Ìṣubú Tàjùdéèn ló fẹ́ rí. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bu omi oníyọ̀ mu. Ṣe ni òùngbẹ le sí i. Láìpẹ́, òógùn tán. Awọ rẹ̀ gbẹ, ó gbóná bí ìkòkò orí iná, ó sì ṣubú sáàárín páànù.

Tàjùdéèn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló da omi wa nù?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kí òùngbẹ pa ọ́."

Tàjùdéèn lè jókòó kó máa wò ó títí ẹ̀mí á fi bọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń da omi ọ̀sà lé e lára, ó ń tukọ̀, títí ó fi dé Agbowa, ìlú kan létí ọ̀sà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti gbé Bísíríyù sábẹ́ igi, tí wọ́n fún un lómi díẹ̀díẹ̀.

Bísíríyù kò kú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Tàjùdéèn gbà á là, kò dárí jì í. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ní èbúté ohun tó ṣe ọ̀gá rẹ̀, Tàjùdéèn yóò rò ó fún un látòkèdélẹ̀, níṣojú Bísíríyù. Ahọ́n Bísíríyù kò lè fèsì.

Ẹ ṣọ́ra. Ara ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bó bá ń kìlọ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kí ìbínú di yín létí. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbẹ̀san, ẹ rántí pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.