Moctar Oníbáṣé àti Ojú Djibril

Ojúkòkòrò niṣẹ́ Moctar. Báṣé, ọkọ̀ akérò tó ń wà láti abúlé wọn lẹ́bàá Goro lọ sí Parakou, àti iṣu tó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n. Nítorí pé ó gbọ́ Faransé, àwọn ará abúlé yàn án láti máa ṣàlàyé òfin mútúẹ́lì fún wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ń dáwó sí nígbà tí ara le, kí ó lè bá a san owó dókítà nígbà tí ara kò bá yá. Wọ́n fa ewúrẹ́ lé ìkookò lọ́wọ́, wọ́n ní kó bá wọn sìn ín.

Òfin náà kò le. Bí ara rẹ kò bá yá, ilé ìwòsàn Goro ni kí o kọ́kọ́ lọ. Bí àìsàn náà bá ju agbára nọ́ọ̀sì lọ, yóò fún ọ ní ìwé tí o máa mú tọ dókítà àgbà lọ ní Parakou, mútúẹ́lì yóò sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá mú ìwé náà dání, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san gbogbo rẹ̀. Moctar mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Goro kò wọ báṣé, nọ́ọ̀sì sì lè wò ó sàn níbẹ̀. Nítorí náà, Moctar pa ẹnu mọ́.

Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun Djibril, àgbẹ̀ kan tó ń dáwó sí mútúẹ́lì náà, Rissikatou ìyàwó rẹ̀ lọ bá Moctar nídìí ọkọ̀.

“Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò síbi tó yẹ ká kọ́kọ́ yà ká tó rí dókítà ojú?”

“Tata Rissi, káàdì mútúẹ́lì yín ti tó. Ẹ wọlé, ẹ jókòó síwájú.”

Ní ilé ìwòsàn Parakou, obìnrin tó ń gbàlejò béèrè ìwé Goro. Rissikatou yíjú wo Moctar. Moctar ń wo òkè.

“Bí ẹ bá padà sílé lónìí,” ó ní, “ojú yẹn ò ní dúró dè yín o. Ẹ ta iṣu yín fún mi, màá sanwó báyìí.”

Ìbẹ̀rù ojú ọkọ rẹ̀ mú Rissikatou ta gbogbo iṣu inú abà fún un ní owó pọ́ọ́kú, títí kan èbù tí wọ́n fẹ́ gbìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ta èbù ti ta ọdún tó ń bọ̀. Owó náà tó fún àyẹ̀wò nìkan. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ pẹ́.

Rissikatou lọ bẹ ìpàdé mútúẹ́lì pé kí wọ́n san owó iṣẹ́ abẹ náà. Àánú ti ń ṣe wọ́n kí Moctar tó dìde, kí ẹnikẹ́ni má baà bi òun léèrè ìdí tí òun kò fi ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà ní Goro.

“Àìsàn tí ènìyàn bá gbé fo Goro, mútúẹ́lì ò mọ̀ ọ́n títí láé! Òfin ò ní àánú.”

“Tonton, ẹ̀yin lẹ ní káàdì ti tó!”

“Wàláì, mi ò sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìpàdé fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ Moctar, ó sì di òfin. Ojú ọ̀tún Djibril kú, ti òsì tẹ̀ lé e.

Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Rissikatou yá èbù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kika, ó sì gbìn ín. Kò pa ìpàdé mútúẹ́lì kankan jẹ mọ́. Ó ń jókòó síwájú, ó ń tẹ́tí, inú sì ń bí i bí i pé àná ni. Bí iṣu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dúró de ọjọ́ Moctar.

Ọjọ́ náà dé. Ìpá mú Moctar. Waliath, àbúrò ìyàwó rẹ̀, sì ni nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà ní Goro. Ta ni yóò tú ṣòkòtò níwájú àna? Moctar tijú, ó wa báṣé rẹ̀ fo Goro, ó sì kọrí sí Parakou. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Wọ́n béèrè ìwé, kò sí. Ló bá sáré padà wá sí ìpàdé.

“Ẹ̀yin ará mi, ìtìjú ni. Ẹ ṣàánú mi.”

Àánú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn àgbà kan. Rissikatou dìde, ó di ọwọ́ Djibril mú, ó mú un dé iwájú gbogbo wọn.

“Àìsàn tí ènìyàn bá gbé fo Goro, mútúẹ́lì ò mọ̀ ọ́n títí láé. Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ? Ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.”

Kò sí ẹni tó gbèjà Moctar.

Ó ta báṣé fún ará Tchatchou kan, owó kò pé. Ó ta iṣu, kò pé. Ó wá ku èbù. Rissikatou ló wá rà á.

“Tata, owó yìí mà kéré jù.”

“Bí o ṣe ra tèmi náà nìyẹn. Bí o bá padà sílé lónìí, ìpá yẹn ò ní dúró dè ọ́ o.”

Moctar gba owó náà. Djibril fọwọ́ pa àwọn èbù náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kó wọn, ó sì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ abẹ yọrí, ṣùgbọ́n dókítà ní Moctar kò gbọdọ̀ kọ ebè mọ́. Kò ní ọkọ̀, kò ní èbù, kò lè roko. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ń jókòó sí báyìí, bí báṣé rẹ̀ àtijọ́ bá sì fọn fèrè kọjá, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn kan ní Rissikatou ìbá fi ìjà fún Ọlọ́run jà. Èmi ò bá a wí, torí kò sí ohun tí yóò dá ojú Djibril padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń dáwó sí mútúẹ́lì, ẹ má dúró dìgbà tí ara bá ń ro yín kí ẹ tó béèrè ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ yà, ohun tí mútúẹ́lì yóò san àti ohun tí yóò kù sí yín lọ́rùn. Ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní tìrẹ, ìwọ tí o mọ̀nà tí o sì ń ṣi aláìsàn lọ́nà kí o lè rí jẹ, rántí pé ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.