Íǹṣì Méjì Tí Aránṣọ Bò Mọ́lẹ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì, ẹ̀rín ni yóò rí níbẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán ni yóò gbé ọgbọ́n relé.

1.

Obìnrin aránṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojúlòṣùwọ̀n. Bí oníbàárà bá ti ń wọlé ló ti ń mọ ìbú àyà rẹ̀ àti gígùn apá rẹ̀, téèpù kò ì tíì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́; ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ń wa ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ó ti bí ọmọ méjì, kò sì tíì fẹ́ bí ẹ̀kẹta. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró tó ń lò ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa kán lára rẹ̀ ṣáá, ni nọ́ọ̀sì bá pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn.

Nọ́ọ̀sì ní, "Èébì lè máa gbé yín, ọyàn lè máa dùn yín, inú sì lè máa bí yín láìnídìí. Tó bá tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ara á mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí àyà ń dùn yín, tí èémí ń kúrú, tàbí tí orí fọ́ yín bí kò ṣe fọ́ yín rí, ẹ má sùn lé e. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá." Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan fún un.

2.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, èébì. Ọ̀sẹ̀ kejì, èébì pẹ̀lú ìbínú. Àbúrò bá gba ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yìí mà fẹ́ sọ mí di nǹkan míì! Lánàá mo jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú ọkọ̀, torí pé ó ń súfèé."

Ojúlòṣùwọ̀n bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà ò mà lè fara da nǹkan kan! Nígbà tí èmi pààrọ̀ tèmi, mo bì títí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń kí mi kú oríire oyún. Oṣù kẹta pé, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ọmú kan náà la jọ mu. Ohun tí ara mi gbà, ara rẹ á gbà á."

"Nọ́ọ̀sì ní kí n máa wo ìwé yìí o."

"Gbé e síbẹ̀ jàre."

Kí oòrùn tó wọ̀, Ojúlòṣùwọ̀n ti fi àlùmágàjí gé ìwé náà ní àwòṣe àpò ṣòkòtò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Èébì náà rọlẹ̀ lóòótọ́, bí ẹ̀gbọ́n ti wí. Òtítọ́ tó jẹ́ ìdajì kò yàtọ̀ sí afárá tó dé àárín odò.

3.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àbúrò mú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wá. "Ẹsẹ̀ òsì ń fún mi, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó tún ń ro mí."

Ojúlòṣùwọ̀n kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gba ohun tó rí gbọ́, ló bá fa téèpù yọ. Ẹran ẹsẹ̀ ọ̀tún lábẹ́ orúnkún: íǹṣì mẹ́rìnlá. Ti òsì: mẹ́rìndínlógún. Awọ ara ibẹ̀ ń dán, ó sì gbóná lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó tún un wọ̀n, bákan náà ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

Ẹni tó ti fi àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, báwo ni yóò ṣe wá sọ pé òun kò mọ̀? "Kí ni ì bá wà? Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ lò ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ki ju èyí tó ń ṣe ọ̀lẹ lọ!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ojúlòṣùwọ̀n tú etí ṣòkòtò, ó fi íǹṣì méjì kún un, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Àbúrò wo dígí, ó ní, "Ọlọ́wọ́ ire! Kò tiẹ̀ hàn rárá."

Kò hàn lóòótọ́.

4.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Awakọ̀ fi agbára tó kù pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó gbórí lé ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, ó ń wá èémí, kò rí i. Àwọn ọmọ ń ké.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní, "Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ó já, ó sì lọ dí ọ̀nà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yìí ti wú?"

Ọkọ àbúrò ní, "Dókítà, a ò mọ̀. Ṣòkòtò ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́."

Ojúlòṣùwọ̀n dúró níbẹ̀, téèpù lọ́rùn rẹ̀ bí okùn ẹran. Ó mọ ọjọ́, ó mọ íǹṣì. Ilẹ̀ ló ń wò.

5.

Àbúrò kò kú. Ṣùgbọ́n kò wakọ̀ mọ́. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́fà, yóò jókòó. Ẹsẹ̀ òsì náà kò sì bá ọ̀tún dọ́gba mọ́.

Ojúlòṣùwọ̀n kò lè jẹun. Nígbà tó yá, ó gbé ìwé ìwọ̀n lọ bá a, ó ṣí i sórí itan rẹ̀. "Mo rí i. Mo wọ̀n ọ́n. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà sì béèrè, mo dákẹ́."

Àbúrò wo ìwé náà títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ̀. Ta ló tú etí ṣòkòtò náà, bí kò ṣe ẹ̀yin?" Ó pa ìwé dé. "Ẹ bá mi rán òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì o."

Ì bá bú u, ì bá sàn. Títí di òní, bí Ojúlòṣùwọ̀n bá ń gé ṣòkòtò àbúrò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi íǹṣì méjì kún ẹsẹ̀ òsì. Bí àlùmágàjí bá sì ti dé ibẹ̀, a máa gbé e sílẹ̀, a ṣí ìwé ìwọ̀n, a tún un kà kí ó tó gé e.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ìmọ̀ràn kì í wọ́n lẹ́nu yín, oògùn kọ́ ni mo ń bá jà. Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin lóore. Ẹ má fi ara tiyín wọn ara ẹlòmíràn: ọwọ́ kan ló so ìka márùn-ún, síbẹ̀ wọn kò dọ́gba. Àmì tí wọ́n bá ní kí ẹ má sùn lé, ẹ má sùn lé e, ẹ má sì rán aṣọ bò ó. Ẹ gbé aláìsàn dìde lọ́jọ́ náà. Bí ojú bá tì yín, ẹ jẹ́ kó tì yín níwájú nọ́ọ̀sì, kó má baà jẹ́ níwájú dókítà.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.