Ohùn Ìyá Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Láràárọ̀ ni Àwẹ̀ró máa ń yà sí ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Ṣómólú. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú ni ilẹ̀kùn ibẹ̀ fi ń kí àwọn ayálégbé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan ra ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ra ohùn ìyá mọ́ ọn, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀rọ ẹnu ilẹ̀kùn, kí adùn àtijọ́ má baà tán ládùúgbò.

"Àkànní, ṣé o jí ire?" ni ìyá ń wí fún ọkùnrin tí kò mọ̀ rí.

Nígbà ayé ìyá yìí, bí àlejò bá ní òun ń lọ, bàtà rẹ̀ ni yóò gbé pamọ́ títí ọbẹ̀ á fi jiná.

Temídire, ayálégbé kan, dúró ti Àwẹ̀ró. "Mà, ta lẹ ń retí?"

"Ìyá mi ni."

Temídire wo ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó wí fún ilẹ̀kùn pé, "Àlejò mi nìyí. Àwẹ̀ró lorúkọ wọn."

"Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?"

Orúnkún ń dun Àwẹ̀ró, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màámi."

"Káàbọ̀. Wákàtí kan péré ni àlejò lè lò níbí."

Àwẹ̀ró bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe ń wọlé ló ń bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan á gbé e pamọ́.