Yàrá Àárín

Lọ́jọ́ Ẹtì, Crépin Ṣóbándé sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta pé láti ọjọ́ Ajé, kí oníkálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré ni tiwọn, ní Sakété. Wọ́n ń gba ìpè àwọn oníṣòwò tó fẹ́ gàrí, wọ́n á kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ọkọ̀ á gbé e lọ. Ilé bàbá Crépin ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú yàrá àárín. Yàrá ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ti ọwọ́ òsì jẹ́ ti bàbá bàbá rẹ̀. Wọn kì í ṣí méjèèjì àfi bí ẹbí bá pé.

Inú Fabrice, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà, dùn. "Ìyá Merveille, gbogbo gèlè yín yìí, ta lẹ ó máa wé e fún báyìí?"

Eugénie tó ń bá wí kò rẹ́rìn-ín. Igana ló ń gbé. Iná mànàmáná kò tíì dé àdúgbò rẹ̀, fóònù kì í sì í gba ìpè níbẹ̀ àfi lẹ́bàá ilé-ìwé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Orí iṣẹ́ yìí ni ọmọ mẹ́ta ti ń jẹun.

Léonce, àbúrò Crépin tó ń gbé ní Kútọnu, ló kọ òfin tuntun náà. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan tí kò gbé e, kó má retí ìpè kẹrin.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Eugénie kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n máa wá síbí. Èmi nìkan. Igun kan péré ni mo fẹ́."

"Ẹ dìde, Ìyá Merveille." Crépin wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán. Ó jókòó kó tó sọ ìyókù. "Yàrá náà ò ṣófo mọ́."

"Ṣé ẹ ti fi í háyà fún ẹlòmíràn ni?"

"Rárá o. Ẹbí ló fẹ́ lò ó."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"A ti jọ fẹnu kò sí i." Ó dìde díẹ̀díẹ̀. "Ẹ gbé àga mi lọ sílé. Ó dáa fún ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà, Léonce ni kí ẹ máa pè."

Eugénie so àga náà mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Ó gbà pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn lé òun lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ó dúró lẹ́bàá ilé-ìwé títí oòrùn fi wọ̀. Ìpè méjì sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ṣú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá lọ. Ó pe Léonce, Léonce ní òfin ni òfin.

Lọ́jọ́rú, ó gba Sakété lọ ní kùtùkùtù. Ó ti pinnu pé ẹnu ọ̀nà yàrá àárín lòun máa jókòó sí títí wọn yóò fi gba òun padà.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì rí Crépin tó nà gbalaja sórí ilẹ̀ lásán níbi tí wọ́n ti gbé tábìlì kúrò, tí bíríkìlà kan ń fi ẹfun sàmì síbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ dé, kí sàréè rẹ̀ má baà kúrú.